Ẹrù Orí Àjà Ilé Ọnàṣílé

Ọnàbánjọ oníṣọ̀nà kì í ṣe ọ̀lẹ, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọn. Kí oòrùn tó yọ ni ó ti ń fi omi rin awọ ewúrẹ́, ilẹ̀ á sì ṣú bá a lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í fo ìlà, òwú rẹ̀ kì í já, àpò tó bá sì rán, ọmọ lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba. Ṣùgbọ́n nílùú Òkè-Ọparun tó ń gbé, wọn kì í gbé àpò Ọnàbánjọ ròde. Oko ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n á kó èbù iṣu sí i, wọ́n á da ẹ̀tù ìbọn sí i. Bí ọjọ́ ọdún bá wá dé, wọ́n á lọ yọ èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ̀nà ìlú mìíràn, tí ọnà pupa àti dúdú wà lára rẹ̀, wọ́n á fi kọ́ èjìká. Ọnàbánjọ á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, á máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ti ń sọ fún ènìyàn lọ.

Ilé tó ń gbé, baba ńlá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọnàṣílé ló kọ́ ọ nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ àlejò nílùú náà. Agbo ilé náà kún nígbà kan rí. Nígbà tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti fọ́nká, ìyàwó tí Ọnàbánjọ fẹ́ sì ti kú sórí ìkúnlẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, ló kù síbẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí ni Àwẹ̀ró ń sùn, torí pé inú ilé ni wọ́n ń sin òkú sí nígbà náà. Kò sí oṣù kan tí kì í fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ sàréè náà fún ọmọ rẹ̀.

Á ní, “Ibí ni tèmi. N kò ní kí o pa màlúù, n kò ní kí o ra aṣọ. Ibí ṣáá ni kí o tẹ́ mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ.”

Ọnàbánjọ á dáhùn pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀, ta ni yóò gbé e lọ síbòmíràn? Á sì tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún kan, òjò àkọ́rọ̀ jò wọlé, ó ba awọ mẹ́ta tó ti pa láró jẹ́. Ọnàbánjọ fi ìbínú gun orí àjà lọ wá ibi tí òrùlé ti lu. Ẹ mọ orí àjà ilé àtijọ́. Ohun tí a kò lò mọ́ tí a kò sì lè jù sí àkìtàn, ibẹ̀ là ń kó o sí, a ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó bá agogo ọrùn ajá ọdẹ tí ẹnu rẹ̀ ti ya. Ó bá ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi tó ti já kúrò lókùn, àkísà sányán tí kòkòrò ti lu, ìkòkò tábà àgbà kan tí kò mọ̀ rí, àti ṣaworo tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Òkùnkùn ti fẹ́ bo gbogbo wọn. Ó kó wọn sínú igbá, ó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìmọ́lẹ̀, ó sì gbàgbé òrùlé tó ń jò.

Odidi ọjọ́ méjì ni kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń yí wọn sọ́tùn-ún, ó ń yí wọn sósì. Ní ọjọ́ kẹta, ó gé awọ. Ó lẹ àkísà sányán mọ́ ojú àpò, ó fi sẹ̀gi to etí rẹ̀, ó sì fi ṣaworo ọmọ sí ibi tí yóò ti máa dún bí ẹni tó gbé e bá ń rìn. Kí n sọ òtítọ́, iṣẹ́ náà dára. Mo mọ bí ó ṣe parí, mo sì ń bínú sí ọkùnrin náà títí di òní, síbẹ̀ n kò lè sọ pé kò dára. Ọwọ́ tó ti ń ṣe àpò oko fún ogún ọdún ṣàdédé rí ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i rà á láìdúró. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá béèrè ilé Ọnàbánjọ, ó sì ń gun àjà bí ẹni ń gun ọ̀pẹ.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró èyí tó kù nínú ṣaworo náà lára àpò kejì. Ó jáde wá, ó fi ọwọ́ kan ṣaworo náà. Ẹ̀gbọ́n Ọnàbánjọ tó kú kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ló ni ín. Nígbà tó wá sọ ọ́ fún un, Ọnàbánjọ ní ẹni tó ni ín ti lọ, ó sàn kí alààyè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ ju kí eku máa jù ú kiri lórí àjà lọ. Èsì náà mọ́gbọ́n wá, ìyẹn ló sì burú nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó tì í.

“Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà,” ni ó wí. “N kò ní kí o má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n okùn awọ kan wà tí wọ́n so kọ́ igi àjà. Bàbá rẹ a máa gun àjà lọ́dọọdún, á fi epo pa okùn náà kó má bàa gbẹ, á sì sọ̀ kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Èmi ìyàwó ilé ni. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ìdí ilé fún ìyàwó ilé, mi ò sì béèrè. Lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lábà, kó sọ ohun tó jẹ́ fún ọ. Abèèrè kì í ṣìnà.”

Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni. Ejò ló bu baba Ọnàbánjọ jẹ lóko tó fi kú, kò ráyè sọ ohunkóhun fún ọmọ tó fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n baba náà obìnrin, Ọnàwùmí, ló kù nínú àwọn ọmọ ilé tó mọ ìdí nǹkan, abà ọkọ rẹ̀ ló sì ń gbé. Ẹni tó bá jáde láàárọ̀ á débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọnàbánjọ ní òun á lọ. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun ni, tí ọwọ́ bá dilẹ̀, òun á lọ.

Ọwọ́ kò dilẹ̀. Baálẹ̀ Òkè-Ọparun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ àpò tí òun yóò gbé kọ́ èjìká lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu. Ẹni tí wọ́n ń gbé àpò rẹ̀ lọ sóko! Ọnàbánjọ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó gun àjà, ó sì rí i pé òun ti kó ohun tó dára níbẹ̀ tán. Okùn awọ yẹn ló kù.

Ó jókòó tì í lórí àjà, ó ń wò ó. Okùn náà tutù lọ́wọ́, epo ọdọọdún ti mú un dúdú. Owó ẹyọ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, méjì lápá kan, méjì lápá kejì. Wọ́n mú ojú ọ̀kan kọ ojú èkejì, wọ́n sì dè wọ́n pọ̀ típẹ́típẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn nìkan lèèyàn ń rí. Láàárín wọn ni ìdì awọ kékeré kan wà tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ọnàbánjọ mọ ohun tí àrokò ń jẹ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n àrokò tí ìránṣẹ́ ń mú dání láti ìlú kan dé èkejì lòun mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èyí tó so kọ́ àjà fún ọgọ́rùn-ún ọdún lè máa jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ka ọjọ́ tó kù sí ọdún, ó jẹ́ mẹ́rin. Ó fa ọ̀bẹ yọ.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó la ìdì awọ kékeré náà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ gbígbẹ ló dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín pé àwọn ará àtijọ́ kò rí nǹkan mìíràn fi pamọ́. Ó gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó máa ń gbálẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́, gbá erùpẹ̀ náà pọ̀ mọ́ èérún awọ, ó sì lọ dà á sí àkìtàn. Ní ti owó ẹyọ, Ọnàbánjọ ní ẹ̀yìn wọn kò dùn ún wò. Ẹnu wọn tó rí wínníwínní bí eyín ló wù ú kó hàn. Ó yí wọn padà, ó mú ẹ̀yìn ọ̀kan ti ẹ̀yìn èkejì, ó sì so wọ́n rọ̀ sẹ́nu àpò, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì.

Lọ́jọ́ ọdún, kò sí ojú tí kò wo èjìká Baálẹ̀. Wọ́n pe Ọnàbánjọ síwájú, Baálẹ̀ yìn ín, àwọn tó ń gbé àpò rẹ̀ lọ sóko sì ń bá a yọ̀. Láàárín wọn ni Ọdẹ́jìnmí wà, olórí ìdílé àwọn ọdẹ. Ilé tiwọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọnàṣílé. Ọmọkùnrin méje ló bí, mẹ́rin nínú wọn ti tó gbéyàwó, ilé sì ti há mọ́ wọn. Ó wo owó ẹyọ náà pẹ́ kó tó súnmọ́ Ọnàbánjọ, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ibi tó ti rí wọn.

“Orí àjà wa ni, bàbá,” ni Ọnàbánjọ wí. “Lára okùn kan tó ti gbó. Èmi ni mo tú u.”

“Ìwọ lo tú u,” ni Ọdẹ́jìnmí wí. Ó kí i kú iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ọdún ni wọ́n ránṣẹ́ pe Ọnàbánjọ sí iwájú Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè. Ọdẹ́jìnmí ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Ọnàwùmí lábà pẹ̀lú, torí pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni, òun sì ni àgbà ilé Ọnàṣílé. Ó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, eruku ọ̀nà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó tó jókòó ló ti ń bi ọmọ àbúrò rẹ̀ pé níbo ni okùn orí àjà wà. Ọnàbánjọ wolẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí kò purọ́. Ì bá sàn bó bá purọ́, torí a máa ń rí nǹkan ṣe sí òpùrọ́. Ó sọ fún gbogbo ìjókòó pé lóòótọ́ ni Ọdẹ́rìndé baba ńlá òun fún Ọnàṣílé ní ilẹ̀, kì í ṣe pé ó yá a. Ọnàṣílé dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ nìkan, ó rán àkọ̀ idà fún Ọdẹ́rìndé, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́. Wọ́n bu erùpẹ̀ ilẹ̀ náà, wọ́n dì í sínú awọ, wọ́n mú owó ẹyọ kọjú síra, wọ́n sì so àrokò náà fún Ọnàṣílé pé kó gbé e kọ́ ilé rẹ̀.

Ó wá ní, “Ohun tí bàbá mi sọ fún mi kí ó tó kú nìyí: níwọ̀n ìgbà tí okùn yẹn bá ṣì wà ní dídì, tiwọn ni ilẹ̀ náà. Ọmọ wa kankan kò gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè. Èmi kò sì béèrè rí. Ṣùgbọ́n ta ló tú u? Kì í ṣe ará ilé mi. Ta ló mú owó ẹyọ tó kọjú síra, tó kẹ̀yìn wọn síra? Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́, èjìká yín ni mo ti rí i.”

Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbé àpò náà wá. Wọ́n gbé e wá, wọ́n gbé e sórí ẹní. Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò tí gbogbo wọn ti yìn ni, lọ́jọ́ náà ni wọ́n tó kà á.

Ọnàwùmí kò bá Ọdẹ́jìnmí jiyàn. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní bí a bá rí erùpẹ̀ náà, a lè tún un dì, kí àwọn ìdílé méjèèjì tún májẹ̀mú ṣe. Ó kọjú sí Ọnàbánjọ pé kó mú un wá. Ohùn Àwẹ̀ró ni wọ́n gbọ́ láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí.

“Èmi ni mo gbá a dà sí àkìtàn,” ni ó wí. “Mo rò pé ìdọ̀tí ni.”

Ọnàwùmí wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ kò le. Ó ní àwọn ọmọ ilé ló jẹ̀bi, àwọn tó gbà pé obìnrin lè sin ọkọ, kó tọ́jú ilé fún àádọ́ta ọdún, kí wọ́n má sì sọ ohun tó wà lórí àjà rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Ọnàbánjọ, ojú rẹ̀ sì le níbi yìí.

“Ìdajì ọjọ́ ni abà mi sí ẹnu ọ̀nà rẹ.”

Baálẹ̀ kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà. Gbogbo ènìyàn rí i pé kò fẹ́. Ṣùgbọ́n nílùú tí kò ní ìwé, àrokò ni ìwé, ẹni tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú ti ilé rẹ̀, ẹnu ènìyàn kan kò lè bá a dì í. Ó ní ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ. Ó fún Ọnàbánjọ ní oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àpò náà sí iwájú ẹni tó rán an. Ó ní òun kò lè gbé májẹ̀mú tó bàjẹ́ kọ́ èjìká.

Àwẹ̀ró ti dìde. Ó rìn wá sí àárín, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọdẹ́jìnmí tí òun tó bí lọ́mọ, kò sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ilé. Ó ní kó gba ilé. Ohun tí òun ń bẹ̀ fún kò ju ibi tí ẹní kan lè gbà lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun, lọ́jọ́ tí òun bá kú. Ọdẹ́jìnmí gbé e dìde.

“Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Tí mo bá sin yín síbẹ̀, lọ́la, ẹnì kan nínú ẹ̀jẹ̀ yín á dé, á ní ìyá òun wà nílẹ̀ yìí, ilé òun nìyí. Mo ní ọmọ.”

Wọ́n kó lọ sí abà Ọnàwùmí. Àwọn àna Ọnàwùmí fún wọn ní ahéré kan. Àwẹ̀ró kò bá ọmọ rẹ̀ jà, kò sì ṣépè fún un. Ó kàn dẹ́kun láti máa bá a sọ̀rọ̀ ju “mo gbọ́” lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó kú. Àwọn alábà ní àwọn kì í sin àlejò sínú ilé, kí Ọnàbánjọ wá ibì kan létí oko. Etí oko ló sin ìyá rẹ̀ sí, nítòsí ọ̀nà tí àwọn ẹran ń gbà lọ mumi, òun nìkan ló sì gbẹ́ ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń wá ẹni tí yóò fún oníṣọ̀nà ní ibi tí yóò tẹ̀dó sí. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni kò fẹ́ oníṣọ̀nà? Ṣùgbọ́n àpò náà wà léjìká rẹ̀. Ó ti so ìyókù tí kò wúlò fún títà mọ́ ọn, agogo ajá baba ńlá rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti ya àti èérún àkísà sányán. Gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú ilé Ọnàṣílé kò ju ìyẹn lọ, kò sì lè jù ú nù. Owó ẹyọ náà sì ń mì lẹ́nu rẹ̀. Léjìká Baálẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni. Léjìká àjèjì tó dúró lẹ́nu ibodè, iṣẹ́ tí wọ́n rán ni, ojú kan ni oníbodè sì ń wò ó tó fi ń kà á: ẹni tó ń bọ̀ yìí, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kẹ̀yìn síra. Ó gbìyànjú nígbà kan, ó tú wọn, ó kọjú wọn síra. Àwọn àgbà ìlú tó wọ̀ lọ́jọ́ náà rí ojú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ lára awọ, wọ́n ní ẹni tó ń yí àrokò padà burú ju ọ̀tá lọ, wọ́n sì lé e jáde. Ó tún dá wọn padà bí wọ́n ti wà, torí pé bó bá yọ wọ́n pàápàá, ojú ihò yóò ṣì hàn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn tí irun rẹ̀ fi funfun. Oníbodè arúgbó kan, tí àánú rẹ̀ ṣe, fún un ní omi mu lẹ́yìn tó ti kọ̀ fún un láti wọlé. Ó ní òun kò rí àpò tó dára tó báyìí rí, òun kò sì rí ẹni tí ẹrù rẹ̀ pa lára tó báyìí. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ nù.

Ọnàbánjọ nu ẹnu, ó tún okùn àpò náà gbé sórí èjìká.

“Ilé ni mo ti kọ́kọ́ sọ nù, bàbá,” ni ó wí. “Èyí ni mo wá sọ kọ́.”

Oníbodè náà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ìlú lọ́jọ́ náà, láti ẹnu rẹ̀ ló sì ti dé ẹnu àwọn àgbà gbogbo, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń fi ilé baba rẹ̀ ṣeré títí di òní, pé: ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.